Àbúrò mi oníròyìn láti Galicia ń kó lọ sí Ireland: ẹ wá bá wa dá sí i

Ìyá Ìbejì Vigo

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ló gbé mi wá. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Galicia ni, igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn Spéìn tí àwa ń gbé yìí, ṣùgbọ́n àbúrò ni mo fi ṣe. Ọmọ ọdún 25 ni. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀, àwa wà lókè. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, tí ọkọ mi wà lójú òkun pẹ̀lú àwọn apẹja, ọmọ yìí ló ń bá mi gbé Táyé kí n lè wẹ Kẹ́hìndé. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé.

Yunifásítì Santiago de Compostela ló ti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Látìgbà tó ti jáde, rédíò ló ń ṣe, àdéhùn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbà mìíràn á máa dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ láìní ọ̀gá kankan. Ní oṣù Kẹsàn-án ó fẹ́ kó lọ sí Ireland. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti lọ ṣáájú ní kó gba Dublin lọ tààrà, kó máa gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní ilé oúnjẹ títí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á fi dán mọ́rán, pé iṣẹ́ ìròyìn á tẹ̀lé e. Ọkàn mi ò gbà á, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá sọ́dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, kí ìmọ̀ràn yín lè bá a mu. Èdè ni ẹ̀mí rẹ̀. Galego, èdè ìbílẹ̀ Galicia, ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ ẹgba nílé ìwé nígbà ayé Franco, apàṣẹwàá tó ṣàkóso Spéìn, torí pé ó sọ ọ́ lójú tíṣà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ Ferrol ní Galicia níbí ni Franco fúnra rẹ̀. Lónìí, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ ọ́ láti 1985, wọ́n sì ń ya ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún sọ́tọ̀ fún ìwé tí wọ́n kọ ní èdè náà láti 1963. Síbẹ̀, tí ẹ bá dúró ní ìsàlẹ̀ ilé wa tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, Spanish lẹ máa gbọ́. Ó máa ń dùn ún. Ó máa ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí etí omi nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, á lọ bá àwọn obìnrin tó ń fi rákè wa ẹran oníkarahun nínú iyanrìn, á gba ohùn wọn àti orin wọn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń ro àmàlà, ó gbé makirofóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó ní kí n má sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní kí n máa pe ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ fún òun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ó tún fẹ́ràn kó máa gun kẹ̀kẹ́, ó sì ń fọn gaita, fèrè alápò ti Galicia.

Owó tó tù jọ jẹ́ 3,500 yúrò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ibo ni kó lọ? Kí ló gbọ́dọ̀ ti ṣe kó tó kúrò nílé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tallaght

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o, Olúwa á wò wọ́n. Ọdún 14 rèé tí mo ti wà ní Dublin.

Físà kọ́ ni ìṣòro ọmọ yìí. Spéìn àti Ireland jọ wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nítorí náà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, DNI, ti tó láti fi wọlé, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kó kàn mọ̀ pé Ireland ò sí nínú Schengen, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọn kì í yẹ ìwé ara wọn wò ní ẹnubodè, wọ́n á yẹ káàdì náà wò ní pápákọ̀ òfurufú.

Ilé ni wàhálà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi yé: ilé. Yàrá kan ṣoṣo nínú ilé àjọgbé ní Dublin lè gba 800 sí 1,000 yúrò lóṣù, kò tíì jẹun, kò tíì wọkọ̀. 3,500 yẹn ò lè gbé e kọjá oṣù kẹta bí iṣẹ́ ò bá tètè dé. Láti 2021, òfin ní onílé ò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù kan lọ fún oṣù àkọ́kọ́, àti owó oṣù kan sí i tó máa mú lọ́wọ́ títí ayálégbé á fi kó jáde. Ẹni tó bá ní kó san ti oṣù mẹ́rin sílẹ̀, kó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ yàrá nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé ló gbà, ààbò òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó béèrè gbogbo nǹkan tó yẹ kó wọ ìwé kó tó gbé àpótí wọlé.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ilé ni pé òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún nọ́ńbà PPS. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́ fún iṣẹ́ àti owó orí, wọn ò sì ní fún un láìsí ẹ̀rí ibi tó ń gbé. Bó bá ti gbà á, kó forúkọ sílẹ̀ lórí myAccount, ìkànnì Revenue, ilé iṣẹ́ owó orí, kó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìní PPS, ìdá 40 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lára owó rẹ̀. Owó náà máa ń padà wá o, ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í dúró dè é.

Àkáǹtì báńkì rẹ̀ ti Spéìn náà dára. Bí ọ̀gá kan bá sọ pé àkáǹtì Ireland nìkan lòun lè sanwó sí, òfin Yúróòpù ò gbà bẹ́ẹ̀.

Balógun Balbriggan

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ọ̀rọ̀ ilé, torí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ní 2022, àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ítálì. Ó rí yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán rẹ̀ mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ rọjú. Ẹni tó ní òun ni onílé sọ pé òun wà lókè òkun nídìí iṣẹ́, kó fi 1,400 yúrò ránṣẹ́, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó fi ránṣẹ́. Ó balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo wà á dé ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn, ó wọ aṣọ ìwọ̀sùn. Ó wo àpótí tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ilé òun ni, pé ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń gbé ibẹ̀, pé ọmọ náà sì ni ẹnì kẹta tó kan ilẹ̀kùn òun pẹ̀lú àpótí lóṣù yẹn. Ó po tíì fún wa. A jókòó sínú kíṣìnnì rẹ̀, a ò mọ ohun tí a máa sọ.

Gbájúẹ̀ ò mọ ọmọ Spéìn yàtọ̀ sí ọmọ Nàìjíríà. Kó má san kọ́bọ̀ lórí yàrá tí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ò fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìyá Ìbejì Vigo

Ha, Balógun, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ka tiyín sókè fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Ó ti rí irú yàrá bẹ́ẹ̀ kan. Ó ti fẹ́ sanwó rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Olúwa ṣeun.

Adékọ̀wé Galway

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá Ìbejì, ìdí tí ọkàn yín ò fi gbà á wà nínú ohun tí ẹ kọ. Ẹ ò sọ pé ọmọ yìí fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí wọ́n ti rò pé ó máa kú ló fẹ́ràn, rédíò ni iṣẹ́ tó mọ̀, etí òkun ló sì ti dàgbà. Ní Ireland, ibi tí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé kì í ṣe àárín Dublin. Ọ̀dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn níbí ni.

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 424 ní Galway, etí omi lẹ máa bá lọ. Ẹ ó kan An Spidéal, ẹ ó kọjá Baile na hAbhann, ẹ ó dé Casla àti An Cheathrú Rua. Gaeltacht ni wọ́n ń pe agbègbè yìí, níbi tí Gaeilge, èdè Irish, ti jẹ́ èdè ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù. Casla ni olú ilé iṣẹ́ Raidió na Gaeltachta, rédíò tó ń sọ Irish, wà, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Kí ọmọ náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀: ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ Connemara, agbègbè wa yìí, gbé rédíò kan kalẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n pè é ní Saor Raidió Chonamara, torí gbogbo ìgbà ni ìjọba ń yin èdè wọn, àwọn tó ń sọ ọ́ ò sì gbọ́ ohùn ara wọn lórí afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba dá tiwọn sílẹ̀. TG4, tẹlifíṣọ̀n tó ń sọ Irish, wà ní Baile na hAbhann láti 1996. Abúlé ni gbogbo ibi tí mo dárúkọ yìí o. Màlúù ń jẹko létí títì, akọ̀ròyìn ń ṣiṣẹ́ lódì kejì.

Kó kọ nọ́ńbà méjì yìí sínú ìwé rẹ̀. Nínú ìkànìyàn 2022, àwọn tó ní àwọn gbọ́ Irish lé ní 1.87 mílíọ̀nù. Àwọn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ti ilé ìwé jẹ́ 71,968. Ìtàn tí àwọn ará Galicia gbọ́dọ̀ gbọ́ wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yẹn. Ó tún kù: láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022, Irish ti di èdè iṣẹ́ pátápátá ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, gbogbo òfin ni wọ́n ń túmọ̀ sí i. Spéìn bẹ̀bẹ̀ ní 2023 pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún galego, Catalan àti Basque, èdè mẹ́ta tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Oníròyìn tó gbọ́ Irish àti galego látẹnu àwọn tó ni wọ́n, mélòó lẹ rò pé ó wà?

Ó máa gbádùn èdè náà, ẹ gbà mí gbọ́. Ọkọ̀ ojú omi ni bád. Ọkọ̀ mi, mo bhád. Ọkọ̀ wa, ár mbád. Iwájú ọ̀rọ̀ ló ń yí, bí ohùn ṣe ń yí nínú ọkọ àti ọkọ̀ tí ẹ kọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì kí ẹ ní Dia dhuit, pé kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú ẹ, o gbọ́dọ̀ fi kún un kí o tó dá a padà: Dia is Muire dhuit, Ọlọ́run àti Màríà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìyá mi àgbà ní Ọ̀yọ́ ni mo rántí, tí ìkíni kan máa ń bí mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tó ń gé ewé òkun lọ́wọ́ ní Connemara wà níbí náà. Àwọn àti àwọn obìnrin onírákè yẹn, ìgbì kan náà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó jáde.

Mi ò ní tàn yín. Kò sí ẹni tó máa gbà á sí rédíò yẹn láìgbọ́ Irish, kíkọ́ rẹ̀ sì máa gba ọdún mélòó kan. Yunifásítì Galway ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè náà ní An Cheathrú Rua gan-an. Kó tó dé bẹ̀, kó wá iṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà. Owó wákàtí kan tó kéré jù lófin jẹ́ 13.50 yúrò ní 2025. Oṣù Kẹsàn-án sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rọ́ wọ Galway, yàrá á wọ́n bí ojú. Nítorí náà, kó má wá a láàárín ìlú. Láti oṣù Kẹfà sí Kẹjọ, àwọn ìyálé ní An Spidéal àti lẹ́yìn rẹ̀ máa ń gba àwọn ọmọ ilé ìwé tó wá kọ́ Irish sílé. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ, àwọn kan máa ń ní yàrá tó ṣófo.

Agboòrùn kó fi sílẹ̀ ní Vigo. Ẹ̀gbẹ́ ni òjò ibí ti ń wá. Aṣọ òjò tó dára ni kó rà.

Olùkọ́ Madrid

Kíá ni tèmi, ọ̀rọ̀ ìwé ní Spéìn ni. Bó bá forúkọ sílẹ̀ bí autónomo, ìyẹn ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, tí kò sì ní bá a lọ, kó lọ yọ orúkọ náà ní Seguridad Social, ilé iṣẹ́ ìdáàbòbò òṣìṣẹ́, àti ní Hacienda, ilé iṣẹ́ owó orí, kó tó wọkọ̀. Bí kò bá yọ ọ́, owó oṣooṣù á máa ka sí i lọ́rùn. Kó gba káàdì ìlera Yúróòpù, TSE, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ń gba owó àìríṣẹ́ṣe, ìwé kan wà tó ń jẹ́ U2 tó lè jẹ́ kó máa gbà á fún oṣù mẹ́ta níbi tó ti ń wáṣẹ́ ní Ireland, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wáṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Spéìn kó tó lọ. Ìyẹn ni pé kó má dúró di oṣù Kẹjọ. Tó bá dé, kó forúkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Spéìn ní Dublin, kó lè máa dìbò. Láti 2022 wọn ò ní kí àwọn tó wà lókè òkun máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìdìbò mọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Tallaght

Adékọ̀wé, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Dublin di ibi ìgbé àwo nìkan. Raidió na Life wà níbí láti 1993, rédíò Irish ti àdúgbò ni, àwọn tó fi ara wọn jìn ló ń ṣe púpọ̀ nínú ètò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ṣẹ́. Ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Dublin, Ola Majekodunmi, ti ṣe ètò níbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún 9 ń lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń fi Irish kọ́ wọn. Nígbà tó gbọ́ orúkọ Yorùbá lórí rédíò tó ń sọ Irish, ó ní, "Dádì, ṣé ọ̀kan nínú wa ni?" Kí oníròyìn yìí má ṣe rò pé àwọn arúgbó etí òkun nìkan ló ni èdè yẹn.

Instituto Cervantes, ilé èdè àti àṣà ti ìjọba Spéìn, náà wà ní Lincoln Place, lẹ́bàá Trinity College, wọ́n ní ilé ìkàwé. Òjò á pa á wọbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Akọ̀ròyìn Ìbàdàn

Àbúrò ni mo máa pè é, torí iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Ọdún 22 ni mo ti ń ṣe rédíò ní èdè Yorùbá.

Àkọ́kọ́, kó má kúrò ní Galicia láì tíì bá olóòtú méjì tàbí mẹ́ta sọ̀rọ̀ lójúkojú. Kó mú àbá ìtàn márùn-ún dání, kó sì gba èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀, iye tí wọ́n máa san àti iye ìṣẹ́jú. Ohùn ẹni tó wà nítòsí máa ń tètè wọ etí olóòtú ju ti ẹni tó ń kọ̀wé láti òkèèrè.

Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n ń pè ní NUJ, tó ti wà láti 1907, ń ṣojú fún àwọn tó wà ní Ireland àti Britain, àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn náà lè wọ ọ́. Kó wọ ọ́. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ le ní Ireland, kó ka òfin 2009 kó tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Òfin 2014 sì wà tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ìbéèrè àkọ́kọ́ ò ná an ní kọ́bọ̀. Nínú òfin èdè wọn ti 2021, wọ́n ní tó bá fi máa di 2030, ìdá 20 nínú 100 àwọn tí iṣẹ́ ìjọba ń gbà gbọ́dọ̀ gbọ́ Irish. Kó kọ̀wé sí wọn, kó béèrè ibi tí wọ́n bá a dé. Ìròyìn nìyẹn, kì í ṣe ewì.

Èyí tó kù ló sún mọ́ ọkàn mi jù. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà yẹn, kó má tètè yọ makirofóònù. Kó bá wọn jókòó. Mo ti rí àwọn tó wá gba oríkì sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ síwájú ìyá kan kí wọ́n tó kí i, tí wọ́n sì ti lọ kó tó pa ẹnu dé. Ìyá náà kú. Ohùn rẹ̀ wà níbì kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ò mọ̀. Kó kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ibi, kó sì fi ẹ̀dà kan lé àwọn ọmọ ilé lọ́wọ́ kó tó gbé e sáfẹ́fẹ́.

Àrẹ̀mọ Belfast

Bó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ wa ní Belfast, tó wà lábẹ́ UK, kó mú pásípọ́ọ̀tù. Kò sí géètì lójú ọ̀nà láti Dublin, ṣùgbọ́n UK ò gba DNI Spéìn lásán mọ́ láti oṣù Kẹwàá 2021. Ní ti ETA, ìwé àṣẹ ìrìnàjò tí UK ń béèrè lọ́wọ́ ará Yúróòpù láti oṣù Kẹrin 2025, wọ́n yọ ẹni tó ń gbé Ireland lábẹ́ òfin sílẹ̀ bó bá gba Ireland wá. Kó máa mú ẹ̀rí ibùgbé rẹ̀ dání. Ìparí 2022 ni òfin tó sọ Irish di èdè ìjọba níbí jáde, àwọn èèyàn sì ṣì ń jà lórí pátákó orúkọ àdúgbò. Iṣẹ́ pọ̀ fún un.

Ìyá Ìbejì Vigo

Ẹ̀yin èèyàn mi, alẹ́ méjì la fi ka gbogbo rẹ̀ ní kíṣìnnì mi. Mò ń túmọ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gòkè wá lálẹ́ kejì, ó gbé ọbẹ̀ ewé wá, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ rárá títí a fi dé ọ̀dọ̀ Akọ̀ròyìn Ìbàdàn. Ó wá ní kí n padà ka ti ìyá olóríkì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Galway ló ń lọ. Ó ti kọ̀wé sí olóòtú méjì ní Santiago, ọ̀kan ti ní kó wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ó ti forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wáṣẹ́, torí U2. Ó máa dúró ọjọ́ mẹ́ta ní Dublin kó lè lọ kí àwọn Raidió na Life. Ó rí yàrá kan ní An Spidéal, lọ́wọ́ ìyálé kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù gbájúẹ̀ ń bà á. Ó tún ní kí n béèrè bóyá gaita máa yọ aládùúgbò lẹ́nu.

Adékọ̀wé Galway

Ẹ fi àdírẹ́sì ilé náà ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mi ò ṣiṣẹ́, màá wọ 424, màá lọ kan ilẹ̀kùn, màá fi fídíò hàn án láti inú yàrá wá títí dé ojú fèrèsé. Kó má san nǹkan kan kí n tó pè yín. Ní ti gaita, màá bi ìyálé náà fúnra mi.